Ilé-Ẹ̀kọ́ Tí Ìlú Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Kọ́

Ẹ̀yin ọmọ Ìkirè àti Àpòmù nílé àti lẹ́yìn odi, nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan ni ó kàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ka ìwé gírámà, owó kòkó ni yóò fi san án.

Ní 1979 ni ìjọba Olóyè Bọ́lá Ìgè sọ gírámà náà di ọ̀fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí àwa náà wà kí Ọ̀ṣun tó dá dúró ní 1991. Àwọn ọmọ pọ̀ ju yàrá lọ. Káàkiri ìpínlẹ̀ náà, àwọn ará ìlú fi ilẹ̀ sílẹ̀, wọ́n dáwó, wọ́n mọ ògiri, wọ́n kan páánù. Ìdí nìyí tí “Community” fi wà lára orúkọ ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìgbà náà.

Ògiri kò ṣòro púpọ̀, ká má purọ́. Yàrá sáyẹ́ǹsì ni iṣẹ́ wà: ó ń fẹ́ omi, iná àti ohun èlò onígíláàsì. Ọmọ tí kò fojú rí bí ásíìdì ṣe ń sọ bébà aláwọ̀ búlúù di pupa, àkọ́sórí lásán ni tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìdánwò WAEC ní apá tí a ń fọwọ́ ṣe. Ẹni tí ó bá wálé lọ́dún yìí, kí ó yà sí ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò rẹ̀, kí ó sì ṣí ẹ̀rọ omi yàrá náà wò.