Ìdẹ̀ Ṣéènì

Nínú àwọn ìwé atọ́nà alùpùpù kan tí wọ́n fi èdè Òyìnbó kọ, bí ṣéènì ṣe le tó ni wọ́n máa ń sọ. Ṣùgbọ́n mẹkáníìkì kì í wọn líle. Á fi ìka ti ṣéènì sókè láàárín sípírọ́kẹ́ẹ̀tì méjèèjì, á fà á wálẹ̀, á fi rúlà wo ibi tó rìn dé. Bó ṣe dẹ̀ tó ló ń wọ̀n. Nítorí náà, "ìdẹ̀ ṣéènì" ni mo fara mọ́. Lára ọ̀pọ̀ alùpùpù, ó máa ń tó mìlímítà 25 sí 35.

"Ẹ̀wọ̀n" wà nílẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó bá gbọ́ "ẹ̀wọ̀n alùpùpù" á kọ́kọ́ béèrè ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ṣéènì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ tó gba ọ̀rọ̀ gan-an ni ti ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tólẹ̀, tó wá fi ṣọ́ọ̀kù kúkurú sẹ́yìn alùpùpù rẹ̀. Bí a bá pè é ní "gbígbé alùpùpù wálẹ̀", wọ́n á rò pé inú ọkọ̀ ẹrù la ti ń já a. "Dídín gíga kù" ló yé èèyàn. Bí gíga bá ti dín, ìdẹ̀ ti yí padà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ṣéènì. Apá irin tó di táyà ẹ̀yìn mú ń lọ sókè sódò lórí bóòtù tó so ó mọ́ férémù. Ìgbà tí sípírọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú, bóòtù yẹn àti àárín táyà bá tò sórí ìlà kan ni ṣéènì ń le jù. Ṣọ́ọ̀kù kúkurú ti mú apá náà sún mọ́ ìlà yẹn kí ẹnikẹ́ni tó gùn ún, nítorí náà nọ́ńbà inú ìwé kò bá a mu mọ́.

Orúkọ méjì la nílò níbí: "ìdẹ̀ orí ìdúró", nígbà tí alùpùpù kàn dúró, àti "ìdẹ̀ orí ìlà", nígbà tí nǹkan mẹ́ta yẹn bá tò. Ti orí ìlà ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹ tú ṣọ́ọ̀kù, ẹ gbé táyà títí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á fi tò, kí ìdẹ̀ díẹ̀ ṣì kù níbẹ̀. Bí kò bá kù rárá, bíárìn inú gíà ni yóò jẹ̀yà; bó bá pọ̀ jù, ṣéènì á fò kúrò léyín sípírọ́kẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà, ẹ dá ṣọ́ọ̀kù padà, ẹ wọn ti orí ìdúró, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: nọ́ńbà tuntun nìyẹn.

Ẹ̀yin atẹ̀wé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ àmì orí "ìdẹ̀" o. Láìsí i, ìdẹ ẹja ni òǹkàwé máa bá níbẹ̀.