Ta Ló Mọ Ọṣẹ Jù?

Bí ènìyàn bá dúró ní Màrínà tí ó kọjú sí omi, Àpápá ni yóò máa wò ní òdìkejì. Ní Màrínà ni àwọn ọ̀gá UAC jókòó sí láyé ijọ́un, nínú Niger House. Ní Àpápá ni àwọn Lever ti ń se ọṣẹ. Ọ̀pọ̀ ará Èkó rò pé ọ̀tọ̀ ni ti èyí, ọ̀tọ̀ ni ti ìyẹn. Irọ́ o! Bàbá kan náà ló ni àwọn méjèèjì.

William Lever ni orúkọ rẹ̀, òyìnbó tó ń ta ọṣẹ Sunlight. Epo ni ẹ̀mí ọṣẹ, epo sì pọ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Ó bẹ ìjọba pé kí wọ́n fún òun ní ilẹ̀ tí òun yóò fi gbin ọ̀pẹ ní Nàìjíríà, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Ní 1920 ó ra Niger Company, owó rẹ̀ ju mílíọ̀nù 8 pọ́n-ùn lọ, kò sì tú ìwé owó wọn wò dáadáa! Ìgbà tó rà á tán ló rí gbèsè báǹkì tó wà nídìí rẹ̀. (Èmi ò jẹ́ ra kẹ̀kẹ́ báyẹn.) Ní 1923 ó dá Lever Brothers (West Africa) sílẹ̀ ní Èkó, ọdún méjì lẹ́yìn náà ló kú. Ní 1929 wọ́n da Niger Company pọ̀ mọ́ African and Eastern, ó di UAC. Nígbà tó di January 1930, Lever àti àwọn tó ń ṣe màgàrín ní Holland para pọ̀ di Unilever, UAC sì bọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ wá wò ó. UAC ń ra epo, Lever ń sọ epo di ọṣẹ, UAC tún ń ta ọjà fún alátúntà. Ibi yòówù kí owó gbà, àpò kan náà ló ń já sí. Nígbà ogun Hitler àti lẹ́yìn rẹ̀, tí ọjà wọ́n, àwọn kọ́ńpìnnì ńlá, UAC pẹ̀lú wọn, a máa so ọjà mọ́ ọjà: kí obìnrin tó rí èyí tó ń tà rà, àfi kó kọ́kọ́ ra èyí tí kò tà. Àwọn obìnrin Èkó àti Abẹ́òkúta pariwo títí.

Àwọn obìnrin yìí gan-an ló sì mọ ọṣẹ. Ìyá ìyá mi ta ọṣẹ ní Jankárà. Kì í ta ọṣẹ gbọọrọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Á tò ó sórí pákó kó gbẹ, nítorí ọṣẹ tó gbẹ kì í tètè yọ́ sómi. Ó mọ èyí tí alágbàfọ̀ fẹ́, ó mọ èyí tí ìyá ìkókó fẹ́, bí owó oníbàárà bá sì ṣe mọ ni yóò ṣe gé e. Omi kànga Ìsàlẹ̀ Èkó a máa níyọ̀, ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀. Omi yìí ló jẹ́ kí Omo tètè wọlé sí wa lára nígbà tó dé, torí ó ń hó níbi tí ọṣẹ ò ti lè hó. Àwọn ọmọkùnrin tó gbé pépà lọ́wọ́ a máa wá bi Màmá léèrè ọ̀rọ̀: èwo ló ń tà, kí ló dé tí èyí ò tà? Á dáhùn, wọ́n á kọ ọ́, wọ́n á dúpẹ́, ó parí.

Níbo ni irú èsì bẹ́ẹ̀ ń lọ? Láyé ìgbà yẹn, ilé ìwádìí ńlá Unilever wà ní Port Sunlight nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Vlaardingen ní Holland. Ní 1967 wọ́n dá ọ̀kan sílẹ̀ ní Bombay, àwọn ará Íńdíà sì ń fi epo èso igi ilẹ̀ wọn ṣe ọṣẹ níbẹ̀. Wọn ò kọ́ irú rẹ̀ síhìn-ín, níbi tí epo ti ń wá! Mi ò sọ pé kò sí onímọ̀ ní Àpápá o. Ìjọba pàápàá ti dá ilé ìwádìí tirẹ̀ sílẹ̀ ní Oṣòdì láti 1956. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pinnu ohun tí wọn yóò wádìí, òkè òkun ló wà.

Òfin 1972 dé, ti 1977 tẹ̀ lé e, ìpín 60 nínú 100 bọ́ sọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà. Michael Omolayole di ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tó ṣe olórí Lever níbí. Inú wa dùn, ó sì yẹ kó dùn. Àmọ́ ilé ìwádìí ò sún kúrò níbi tó wà. Ìpín ṣeé rà lọ́jà. Ọgbọ́n inú ìwé ìwádìí, ta ló ń tà á?

Ní 1994 Unilever bọ́ kúrò nínú UAC. Ní 2001 Lever yí orúkọ padà sí Unilever Nigeria. Nígbà tó wá di March 2023, wọ́n kéde pé àwọn ò ní ṣe Omo, Sunlight àti Lux níbí mọ́, pé àwọn fẹ́ gbájú mọ́ ọjà tí yóò mú èrè wá. Ọgọ́rùn-ún ọdún gééré lẹ́yìn 1923 nìyẹn.

Ẹ lọ sí Ìdúmọ̀tà lónìí, kí ẹ ní kí wọ́n fún yín ní Omo. Ìyá tó jókòó ti ọjà yóò bi yín pé, irú Omo wo? Yóò sì na ọwọ́ sí ọ̀rá oríṣiríṣi mẹ́fà, kò ní sí Lever nínú wọn.