Títáníọ́mù díọ́ksáídì onínánò

Títáníọ́mù díọ́ksáídì onínánò (TiO₂) jẹ́ ìyẹ̀fun funfun tí ẹyọ rẹ̀ kò sábà ju nánómítà 100 lọ. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni nánómítà kan. Ìyẹ̀fun yìí ń fi agbára ìmọ́lẹ̀ tú ìdọ̀tí inú omi ká, òun fúnra rẹ̀ kì í sì í tán nínú iṣẹ́ náà. Akira Fujishima àti Kenichi Honda, ará Japan, ni wọ́n fi hàn ní ọdún 1972 pé TiO₂ lè fi ìmọ́lẹ̀ ya omi sí háídrójìn àti ọ́ksíjìn.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Nígbà tí ìtànṣán ultraviolet bá kan anatase, tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn oríṣi TiO₂, ẹ̀lẹ́ktróònù inú rẹ̀ a fò kúrò ní ipò rẹ̀, a sì fi àlàfo sílẹ̀. Ẹ̀lẹ́ktróònù náà ń bá ọ́ksíjìn ṣiṣẹ́, àlàfo náà sì ń bá omi ṣiṣẹ́. Ohun tí ó ń tinú wọn jáde a máa já aró sí wẹ́wẹ́.

Ìpèsè

Nínú ọ̀nà sol-gel, a ń po èròjà títáníọ́mù mọ́ ọtí àti omi títí yóò fi ki, a ó gbẹ ẹ́, a ó sì fi iná ìléru yan án ní nǹkan bí 400 sí 500 °C. Bí ooru bá pọ̀ jù, anatase a di rutile, èyí tí agbára ìwẹnu rẹ̀ sábà máa ń kéré. A tún lè se ìyẹ̀fun náà nínú omi sódà kọ́sítíìkì líle ní nǹkan bí 110 °C kí ó lè di ọ̀pá oníhò tín-ín-rín.

Ní ilẹ̀ Yorùbá

Ní ọdún 2020, àwọn olùwádìí Yunifásítì Ladoke Akintola, Ògbómọ̀ṣọ́, ròyìn nínú ìwé ìròyìn Heliyon pé àwọn fi omi tí a rí lára obì gbàǹja pèsè TiO₂ onínánò, àwọn sì dán an wò lórí aró. Ọ̀rọ̀ yìí kan Ìpínlẹ̀ Ògùn gbọ̀ngbọ̀n, nítorí omi aró òyìnbó tí àwọn aládìírẹ Abẹ́òkúta ń dà nù.

Ààlà rẹ̀

Ultraviolet kò ju nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ oòrùn lọ. TiO₂ kò lè mú kọ́sítíìkì inú omi aró kúrò. Ó sì ṣòro láti sẹ́ ìyẹ̀fun náà kúrò nínú omi, ìdí nìyí tí a fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara dígí tàbí amọ̀ sísun. Àjọ IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé, kà á mọ́ ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó fa jẹjẹrẹ bí a bá ń fà á símú.