Igbóbì, Ṣómólú àti Ìtàn Ìtọ́jú Eegun

Kí òyìnbó tó dé ni àwọn Yorùbá ti ń to eegun. Igi pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ń di apá tàbí ẹsẹ̀ tó bá kán, wọn a sì fi òrí àti ewé pa á. Àwọn kan tún máa ń ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìyẹ, kí wọ́n lè tọ́jú rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti aláìsàn: ọjọ́ tí adìyẹ bá rìn ni aláìsàn yóò rìn. Láti ọwọ́ baba ni ọmọ ti ń jogún iṣẹ́ yìí, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń gbé ara wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun títí dòní. Àmọ́ bí wọ́n bá di igi náà pinpin jù, ẹ̀jẹ̀ kì í ráyè kọjá. Ẹran ara a kú, dókítà a sì gé ẹsẹ̀ tó yẹ kó jinná.

Ogun ló bí ilé ìwòsàn eegun Igbóbì. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó jà dé Bọ́mà nínú Ogun Àgbáyé Kejì padà wálé pẹ̀lú ọgbẹ́ àti eegun tó ti fọ́. Ibùdó ìtọ́jú wọn, lójú ọ̀nà Ìkòròdú nítòsí Ṣómólú, di ilé ìwòsàn lọ́dún 1945. Ọdún yẹn náà ni iṣẹ́ fisiotẹ́rápì wọ Nàìjíríà láti Igbóbì. Ní 1966, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ni níṣẹ́ náà dé ipò oyè.

Lẹ́yìn àwọn ológun ni ìṣòro mìíràn kàn. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ sọ ọ̀pọ̀ ọmọdé di arọ. Àjẹsára tí wọ́n ń kán sọ́mọ lẹ́nu ló ṣẹ́gun rẹ̀: ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé oríṣi kòkòrò àrùn náà tó wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní ẹkùn Áfíríkà. Ọkadà pẹ̀lú ń kán àwọn èèyàn lẹ́sẹ̀ lójú pópó. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọkadà ní Ṣómólú láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022.

Ìṣòro tó kù kì í pariwo. Àwọn tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú ń gbé ìdì bébà, wọ́n sì ń bẹ̀rẹ̀ sídìí ẹ̀rọ láti àárọ̀ dalẹ́. Àwọn tó ń kó yanrìn ní etí ọ̀sà Bàrígà náà ń fi ẹ̀yìn ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìn a máa dùn wọ́n, làkúrègbé a sì mú orúnkún. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.71 èèyàn ló ní àìsàn eegun, oríkèé tàbí iṣan láyé, ẹ̀yìn dídùn ló sì ń sọ èèyàn di aláìlè-ṣiṣẹ́ jù lọ ní orílẹ̀-èdè 160. Nítorí pé irú àìsàn bẹ́ẹ̀ kì í tètè pani, ìjọba kì í kà á sí bí ó ti ń ka ibà. Bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò lè nàró mọ́ ti pàdánù oúnjẹ ọmọ rẹ̀.

Àjẹsára ti fi hàn pé ìdènà lè borí ohun tí iṣẹ́ abẹ kò lè tán. Ó yẹ kí ilé ìlera alábọ́ọ́dé ní Ṣómólú àti Bàrígà máa bi òṣìṣẹ́ léèrè nípa ẹ̀yìn àti orúnkún rẹ̀, kí wọ́n sì kọ́ àwọn tó ń to eegun ní àmì tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti rí i, kí wọ́n tètè darí aláìsàn sí Igbóbì.