Ọmọbìnrin Aláìlọ́wọ́: Àlọ́, Ìjìnlẹ̀ Ọkàn àti Iṣẹ́ Ọnà

Fífi àlọ́ tún ọkàn ṣe jẹ́ ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọkàn ní Swítsàlandì àti Jámánì là ní ọ̀rúndún ogún. Ẹni tó ń tọ̀ ọ́ á gbọ́ àlọ́ kan, á mú ibi tó gún un lọ́kàn jù, á sì fi ọ̀dà, amọ̀, aṣọ tàbí igi ṣe ibẹ̀ jáde. Kò ní í tà á, kò sì pọn dandan kó dára lójú. Ó ń fi ọwọ́ wá ohun tí ẹnu rẹ̀ kò rí sọ ni.

Àlọ́ kan tó bá iṣẹ́ yìí mu gan-an ni ti ọmọbìnrin aláìlọ́wọ́, tí Jacob àti Wilhelm Grimm tẹ̀ jáde ní Jámánì ní 1812. Tálákà kan wà tó ń lọ ọkà fún àwọn èèyàn. Àgbàlagbà kan pàdé rẹ̀ nínú igbó, ó ní òun á sọ ọ́ di olówó bó bá lè fún òun ní ohun tó wà lẹ́yìn ilé ìlọkà rẹ̀. Ọkùnrin náà rò ó títí, igi ápù nìkan ló rántí, ló bá gbà. Sátánì ni àgbàlagbà náà, ọmọbìnrin ọlọ́kà sì ń gbálẹ̀ lẹ́yìnkùlé lákòókò yẹn gan-an.

Lẹ́yìn ọdún 3, Sátánì dé. Ọmọ náà ti wẹ̀, ó ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà róbótó yí ara rẹ̀ ká, Sátánì kò lè sún mọ́ ọn. Ó ní kí wọ́n má fún un lómi mọ́. Omijé ọmọ náà fọ ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Sátánì wá sọ fún bàbá pé kó gé ọwọ́ ọmọ náà méjèèjì, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ òun á gbé bàbá alára lọ. Bàbá gé e. Omijé tún fọ ibi tí wọ́n gé, Sátánì sì pàdánù. Bàbá ní òun á máa gẹ̀ ẹ́ títí ayé, ọmọ kọ̀, ó ní kí wọ́n di apá òun sẹ́yìn, ó sì bọ́ sọ́nà. Lóru, ó fi ẹnu jẹ èso kan lórí igi nínú ọgbà ọba. Ọba rí i, ó fẹ́ ẹ, ó sì ní kí wọ́n rọ ọwọ́ fàdákà fún un. Nígbà tó yá, ọba lọ sógun, Sátánì ń pààrọ̀ lẹ́tà tó ń lọ láàárín ọba àti ilé láti fi ṣe ìyàwó níbi, ìyàwó sì gbé ọmọ jòjòló tó bí pọ̀n wọ igbó lọ. Ọdún 7 ló lò níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì hù padà.

Ẹni tó mọ àlọ́ Olúrónbí, tó fi ọmọ rẹ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́ fún igi ìrókò, á ti rántí rẹ̀. Àmọ́ Olúrónbí mọ ohun tó fi jẹ́jẹ̀ẹ́. Ọlọ́kà yìí kò bojú wẹ̀yìn wo ilé ara rẹ̀. Nígbà tí a bá sì ní “apá mi ò ká a” tàbí “ọwọ́ mi ò tó o,” a ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọwọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eegun àti awọ nìkan.

Ọ̀dọ̀ Carl Gustav Jung (1875–1961), dókítà ọmọ Swítsàlandì, ni ọ̀nà fífi àlọ́ tún ọkàn ṣe yìí ti ṣẹ̀. Lẹ́yìn tí òun àti Sigmund Freud, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọkàn bíi tirẹ̀, pínyà ní 1913, ìran bẹ̀rẹ̀ sí í dé bá a. Kò sá fún wọn. Ó ń bá àwọn tó rí nínú ìran sọ̀rọ̀, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ń fi ọ̀dà ya àwòrán wọn sínú ìwé ńlá kan tí wọ́n fi awọ pupa dì, tí wọn kò tẹ̀ jáde títí di 2009.

Marie-Louise von Franz ló wá gbé àlọ́ lérí. Munich ni wọ́n bí i sí ní 1915, ọmọ ọdún 18 ni nígbà tó pàdé Jung, ìdí iṣẹ́ náà ló sì wà títí tó fi kú ní 1998. Ó ní àlá kún fún ọ̀rọ̀ ilé ẹni tó lá a, ṣùgbọ́n àlọ́ ti gba ẹnu àìmọye èèyàn kọjá, ohun tó jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo ti já dànù lọ́nà. Ohun tó kù jẹ́ ti gbogbo wa. Ó máa ń ka iye àwọn tó wà níbẹ̀rẹ̀ àlọ́, á wo ẹni tí kò sí láàárín wọn, á sì tún wọn kà níparí. Ó tún máa ń gba gbogbo wọn bí ẹni pé inú ọkàn kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé. Ibẹ̀ ló ti máa ń nira fún èèyàn, nítorí bó bá rí bẹ́ẹ̀, bàbá tó di àáké mú wà nínú ẹni tó ń sunkún.

Ipò iṣẹ́ ọnà nínú ọ̀rọ̀ yìí ni mo kà sí jù. Olùgbọ́ lè yára kọjá lórí ọwọ́ fàdákà. Ẹni tó fẹ́ fi amọ̀ mọ ọ́n kò lè yára. Níbo ni fàdákà ti pàdé ẹran ara? Ṣé okùn ni wọ́n fi so ó ni, àbí ó kàn ki apá bọ inú rẹ̀ ni? Ṣé ìka rẹ̀ ń ká, àbí ó gan? Ṣé ó lè fi gbá ọmọ mú, kí ọmọ má sì sunkún pé ó tutù? Àlọ́ kò sọ. Ẹni tó ń mọ amọ̀ ló máa dáhùn, ibi tó bá ti dáhùn sì ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti wọlé. Olùtọ́sọ́nà tó mọṣẹ́ kì í sáré túmọ̀ rẹ̀. Á ní kó gbé e kalẹ̀, kó wò ó lọ́jọ́ kejì, kó sọ ohun tí ọwọ́ náà ń ṣe kó tó sọ ohun tó jẹ́.

Àwọn mìíràn ti gba ọ̀nà tó jọ ọ́. Dora Kalff (1904–1990), ará Swítsàlandì, lo àpótí yanrìn àti àwọn ère kéékèèké, kí ọmọdé lè to ayé tó wà nínú rẹ̀ síta. Bruno Bettelheim gba ọ̀dọ̀ Freud wọ inú àlọ́ Grimm nínú ìwé rẹ̀ ti 1976. Clarissa Pinkola Estés, ọmọ Amẹ́ríkà, sì kọ ọ̀pọ̀ ojú ìwé nípa ọmọbìnrin aláìlọ́wọ́ yìí nínú ìwé tó gbé jáde ní 1992.

Wọ́n ti ṣàríwísí ọ̀nà yìí, àríwísí náà sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní 1951 Erich Fromm, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọkàn, ní fìlà pupa orí ọmọdébìnrin tó pàdé ìkookò nínú àlọ́ mìíràn ń tọ́ka sí nǹkan oṣù. Robert Darnton, òpìtàn ará Amẹ́ríkà, fèsì ní 1984 pé kò sí fìlà pupa kankan lẹ́nu àwọn àgbẹ̀ Faransé tó ń pa àlọ́ náà. Charles Perrault ló fi kún un ní 1697. Ó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ àlọ́ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó pa á. Ewu mìíràn tún wà: ẹni tí bàbá rẹ̀ ṣe ní jàǹbá ní ti gidi kò gbọ́dọ̀ dá jókòó ti àlọ́ yìí láìsí ẹni tó mọ ìtọ́jú ọkàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nínú ẹ̀yà Rọ́ṣíà tí Afanasyev kó jọ, inú kànga ni ọmọ já sí. Ìyá na apá tí kò lọ́wọ́ sínú omi kó lè fà á yọ, ibẹ̀ sì ni ọwọ́ ti yọ. Ti Grimm kò yá tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọba wá wọn kiri fún ọdún 7 tó sì bá wọn, kò gbà pé ìyàwó òun nìyí, nítorí ọwọ́ fàdákà ni ti ìyàwó rẹ̀. Áńgẹ́lì tó ń tọ́jú wọn bá wọ yàrá lọ, ó gbé ọwọ́ fàdákà méjèèjì jáde, ó sì fi hàn án.