Ẹgbẹ́ Nínú Ọgbà Wáyà: Iṣẹ́ Àfikún Ẹ̀kọ́ ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama Àwọn Ọmọ Ìran Jàpáànù ní Amẹ́ríkà, 1942 sí 1945

Ìfáárà

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 1942, oṣù méjì àti díẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn ọkọ̀ òfurufú Jàpáànù ju bọ́ǹbù sí Pearl Harbor, Ààrẹ Franklin D. Roosevelt fọwọ́ sí Àṣẹ Ààrẹ 9066, èyí tí ó fún àwọn ọ̀gágun Amẹ́ríkà lágbára láti lé ẹnikẹ́ni kúrò ní agbègbè tí wọ́n bá pè ní agbègbè ológun. Àṣẹ náà kò dárúkọ ẹ̀yà kankan, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ìran Jàpáànù tí ń gbé etíkun ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n fi lé kúrò nílé lódindi: nǹkan bí 120,000 ènìyàn, tí nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà nípa ìbí, ni wọ́n kó lọ sí ibùdó ìhámọ́ mẹ́wàá tí àjọ ìjọba kan, War Relocation Authority, ń ṣàkóso láti California títí dé Arkansas. Nǹkan bí 30,000 ọmọ ilé-ìwé wà láàárín wọn, ìjọba sì dá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti girama sílẹ̀ fún wọn nínú ọgbà tí wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí ká, tí sójà sì ń ṣọ́ láti orí ilé gogoro.

Ohun tí ó gba àfiyèsí jù lọ nínú ìtàn àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama wọ̀nyí ni bí iṣẹ́ àfikún ẹ̀kọ́ ṣe gbilẹ̀ níbẹ̀, ìyẹn ohun gbogbo tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe lábẹ́ orúkọ ilé-ìwé tí kì í ṣe ẹ̀kọ́ inú kíláàsì. Ìgbìmọ̀ aṣojú akẹ́kọ̀ọ́ wà tí a ń fi ìbò yàn; ìwé ìròyìn ilé-ìwé wà, pẹ̀lú ẹgbẹ́ akọrin, ẹgbẹ́ eléré orí ìtàgé, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ àgbẹ̀, Boy Scouts, Girl Scouts, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù oríṣiríṣi, àti ìwé ìrántí ọdún, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi àwòrán àti àkọsílẹ̀ dì jọ nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ bá ń parí. Ọ̀nà méjì ni ó rọrùn láti gbà túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní ni pé ìjọba ni ó fi ẹgbẹ́ kọ́ àwọn ọmọ náà bí wọn yóò ṣe jẹ́ ará Amẹ́ríkà olóòótọ́. Èkejì ni pé ẹgbẹ́ jẹ́ ọ̀nà tí àwọn ọmọ gbà kọ ìhámọ́ ní àkọ̀tì. Àpilẹ̀kọ yìí jiyàn pé kò sí èyí tí ó tó nínú méjèèjì. Ibùdó ìhámọ́ ni ó kọ́kọ́ tú agboolé ká, tí ó sì gba àdúgbò àti ìlú lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ẹgbẹ́ wọlé láti ṣe iṣẹ́ tí àwọn wọ̀nyí ń ṣe tẹ́lẹ̀, ibi tí agbára ẹgbẹ́ sì pin sí ni a ti lè rí ohun tí ìhámọ́ jẹ́ gan-an.

Agboolé tí ó tú, ẹgbẹ́ tí ó gba ipò rẹ̀

Ọ̀rọ̀ náà, ẹgbẹ́, wúlò fún àlàyé yìí nítorí pé ó pa ìtumọ̀ méjì pọ̀ nínú èdè Yorùbá: ó jẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn dọ́gba, ó sì tún jẹ́ àjọ tí àwọn ènìyàn fẹnu kò láti dá sílẹ̀. Nínú ibùdó, ìtumọ̀ kìíní ni ó bí èkejì. Bárékè onípákó tí a fi bébà ọ̀dà bò ni wọ́n pín sí yàrá yàrá fún àwọn ìdílé, débi pé tọkọtaya àti gbogbo ọmọ wọn lè wà nínú yàrá kan ṣoṣo, tí ògiri tí ó pààlà sáàárín wọn àti aládùúgbò kì í sábàá kan àjà. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ilé ìwẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, oúnjẹ sì di ohun tí a ń tò gbà ní gbọ̀ngàn ìjẹun, níbi tí àwọn ọmọ ti tètè kọ́ láti máa jókòó ti ọ̀rẹ́ wọn dípò kí wọ́n jókòó ti òbí. Bàbá tí ó ti ń fi oko tàbí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bọ́ ilé wá di ẹni tí ń gba owó iṣẹ́ dọ́là 12, 16 tàbí 19 lóṣù, bí ọmọ rẹ̀ bá sì ríṣẹ́, iye kan náà ni ọmọ lè gbà.

Òfin pẹ̀lú dá kún un. Àwọn Issei, ìyẹn ìran kìíní tí a bí ní Jàpáànù, kò lè di ọmọ onílùú Amẹ́ríkà lábẹ́ òfin ìgbà náà, àwọn Nisei, ọmọ wọn tí a bí sí Amẹ́ríkà, sì jẹ́ ọmọ onílùú láti ọjọ́ ìbí. Àwọn ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ ti kó ọ̀pọ̀ aṣáájú Issei lọ ní kété tí ogun bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ibùdó sì ṣí, àjọ tí ń ṣàkóso rẹ̀ kọ́kọ́ kọ̀ kí Issei dipò mú nínú ìgbìmọ̀ tí a ń dìbò yàn. Àgbà kò ní ipò mọ́, ilé kò sì ní ààyè. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ń dìbò fún alága ìgbìmọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n sì ń ṣètò ijó alẹ́ ọjọ́ Sátidé, kì í ṣe eré ọmọdé nìkan ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ń kún àlàfo tí kò yẹ kí ó ṣí sílẹ̀.

Ohun tí ìjọba fẹ́ àti ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ṣe

Kò ṣeé sẹ́ pé ìjọba ní ète tirẹ̀. Àwọn aláṣẹ fẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ ibùdó sọ ọmọ di ará Amẹ́ríkà ní èdè, ní ìwà àti ní ìfẹ́ orílẹ̀-èdè, ẹgbẹ́ sì wà lára ohun èlò wọn. Bákan náà ni ó rí ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà, nítorí pé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1942 ni wọ́n dá High School Victory Corps sílẹ̀, ètò tí ó ń lo ilé-ẹ̀kọ́ girama láti múra àwọn ọ̀dọ́ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ogun. Àmọ́, ìyàtọ̀ kan wà tí kò ṣeé fojú fò. Ìjọba ń sọ fún àwọn ọmọ tí ó wà níta pé orílẹ̀-èdè nílò wọn. Fún àwọn tí ó wà nínú ọgbà, ìjọba kan náà ń ní kí wọ́n kí àsíá, kí wọ́n sì fi ẹ̀rí hàn pé àwọn kì í ṣe ọ̀tá.

Àpẹẹrẹ Manzanar ní California fi hàn pé ète aláṣẹ kò ṣàkóso gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Níbẹ̀ ni Louis Frizzell, ọ̀dọ́ olùkọ́ kan tí ó jẹ́ aláwọ̀ funfun, ti ń kọ́ni ní orin àti eré orí ìtàgé, tí ó sì fún Mary Kageyama, akẹ́kọ̀ọ́ tí ohùn rẹ̀ di olókìkí nínú ibùdó, ní ìṣírí láti máa kọrin. Àwọn ọ̀dọ́ dá ẹgbẹ́ olórin ijó sílẹ̀, wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ ní Jive Bombers, orúkọ tí wọ́n rí nípa fífi lẹ́tà kan ṣoṣo yí dive bomber, orúkọ ọkọ̀ òfurufú ajubọ́ǹbù, padà sí ti ijó. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn tí ó kọlu Pearl Harbor, nítorí ìkọlù náà ni wọ́n sì ṣe há àwọn olórin náà mọ́. Ẹ̀fẹ̀ yìí kò sí nínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ kankan, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìṣọ̀tẹ̀. Ọ̀rọ̀ àárín ẹgbẹ́ ni, tí ẹgbẹ́ nìkan lè gbádùn dáadáa.

Ta ni ó ń gba ẹnubodè kọjá?

Eré ìdárayá ni ibi tí agbára ẹgbẹ́ àti òpin rẹ̀ ti hàn kedere jù lọ. Ní Heart Mountain ní ìpínlẹ̀ Wyoming, ibùdó tí iye ènìyàn inú rẹ̀ lé ní 10,000, tí ó sì fi bẹ́ẹ̀ di ìlú kẹta tí ó tóbi jù ní ìpínlẹ̀ náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbé ti Amẹ́ríkà sílẹ̀, wọ́n sì pè é ní Eagles. Ní sáà 1943 àti 1944, ìfigagbága kan ṣoṣo ni ó bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní Gila River ní Arizona, Kenichi Zenimura, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú básébọ́ọ̀lù, eré tí a ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, ṣáájú àwọn tí ó la pápá ìṣeré nínú aṣálẹ̀; lórí pápá náà ni ilé-ẹ̀kọ́ girama Butte ti inú ibùdó ti lu ti Tucson, tí ó jẹ́ akọgun ìpínlẹ̀ náà, ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin ọdún 1945, pẹ̀lú àmì ayò 11 sí 10.

Ìṣẹ́gun wọ̀nyí dùn ún sọ, wọ́n sì tọ́ sí ìyìn. Síbẹ̀, ìbéèrè tí ó yẹ kí ìwádìí béèrè ni pé ta ni ó rin ìrìn àjò. Níbi gbogbo, eré láàárín ilé-ìwé dúró lórí pàṣípààrọ̀: lónìí wọ́n á wá sọ́dọ̀ wa, lọ́la a ó lọ sọ́dọ̀ wọn. Ní ibùdó, àlejò ni ó sábàá ń wá, tí yóò gba ẹnubodè tí sójà ń ṣọ́ wọlé, tí yóò sì tún gba ibẹ̀ jáde lọ sílé. Onílé kò lè tẹ̀ lé e. Ọ̀rẹ́ Norman Mineta, ọmọ tí wọ́n há mọ́ Heart Mountain, àti Alan Simpson, ọmọ ìlú Cody tí ó wà nítòsí, bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀nà kan náà: Boy Scouts ti Cody ni ó wọ inú ọgbà lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Nígbà tí ó di ọdún 1988, tí Mineta ti wà ní Ilé Aṣojú-Ṣòfin, tí Simpson sì ti wà ní Ilé Aṣòfin Àgbà, àwọn méjèèjì ti òfin tí ó tọrọ àforíjì lórúkọ orílẹ̀-èdè lẹ́yìn, òfin tí ó tún fún olúkúlùkù ẹni tí ó ṣì wà láàyè ní 20,000 dọ́là. Àǹfààní ẹgbẹ́ ni èyí lóòótọ́, ṣùgbọ́n àǹfààní tí ó dúró lórí pé ẹni tí ó wà níta gbà láti wọlé ni.

Ẹ̀rí láti Tule Lake

Ẹni tí ó bá ṣì gbà pé ẹgbẹ́ ni ẹ̀rí ìfẹ́ sí Amẹ́ríkà yóò ní láti wo ibùdó Tule Lake. Ní ọdún 1943, ìjọba fún àwọn àgbàlagbà ibùdó ní ìwé ìbéèrè nípa ìdúróṣinṣin sí orílẹ̀-èdè, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ àwọn tí ìdáhùn wọn kò tẹ́ ìjọba lọ́rùn lọ sí Tule Lake. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1944, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ibẹ̀ ti wà nínú ẹgbẹ́ kan, Hokoku Seinen-dan, tí wọ́n ń fá orí, tí wọ́n ń fun fèrè ní ìdájí, tí wọ́n sì ń sáré yípo láti fi hàn pé ti Jàpáànù ni àwọn. Lápapọ̀, ó lé ní 5,000 Nisei, tí ọ̀pọ̀ jù lọ wọn wà ní Tule Lake, tí ó kọ jíjẹ́ ọmọ onílùú Amẹ́ríkà sílẹ̀. Bí a bá fi Hokoku Seinen-dan wé Boy Scouts Heart Mountain, aṣọ ẹgbẹ́ wà, fèrè wà, ìlà títò wà, àsíá nìkan ni ó yàtọ̀. Àìní kan náà ni ó bí méjèèjì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lẹ́yìn tí wọ́n jáde ilé-ìwé. Nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí fi dandan mú Nisei wọṣẹ́ ológun ní oṣù Kìíní ọdún 1944, àwọn kan láti Heart Mountain wọ aṣọ ológun. Àwọn mìíràn kọ̀ títí ìjọba yóò fi dá ẹ̀tọ́ wọn padà, 63 nínú wọn ni ilé-ẹjọ́ sì dá lẹ́bi ní oṣù Kẹfà ọdún náà. Ibùdó kan náà ni ó pèsè àwọn méjèèjì.

Ìkádìí

Ìwé ìrántí ọdún ni ó kó gbogbo àríyànjiyàn yìí jọ. Ẹni tí ó bá ṣí i yóò rí ẹ̀rín, aṣọ ijó, àwòrán àwọn agbábọ́ọ̀lù, ó sì lè parí èrò sí pé nǹkan kò burú, gẹ́gẹ́ bí àwọn aláṣẹ ṣe fẹ́ kí ayé gbà. Kíkà tí àpilẹ̀kọ yìí dámọ̀ràn yàtọ̀: bí ìwé náà bá ṣe jọ ti ilé-ìwé ìta tó, bẹ́ẹ̀ ni ó ń fi hàn tó pé àwọn ọmọ wọ̀nyí mọ ohun tí ó tọ́ sí àwọn, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn kọ́ gbogbo èyí tí wọ́n lè kọ́ nínú rẹ̀. Àwọn olóòtú ìwé ìrántí Manzanar ti 1944 sí 1945, tí wọ́n pè ní Valediction, mọ èyí tí wọn kò lè kọ́. Wọ́n fi àwòrán kan sínú rẹ̀ tí Toyo Miyatake, ayàwòrán tí wọ́n há mọ́ pẹ̀lú wọn, yà: ọwọ́ ọ̀dọ́ kan ṣoṣo, pẹ̀lú ẹ̀mú tí ó ti ki bọ wáyà ẹlẹ́gùn-ún náà, tí kò tíì gé e.