Àwọ̀ aró eléérú lára ògiri ilé

Àwọ̀ aró eléérú jẹ́ àwọ̀ ọ̀dà ilé tí wọ́n ń rí láti inú àpòpọ̀ búlúù, dúdú àti funfun díẹ̀. Ó ṣókùnkùn bí ojú ọ̀run nígbà tí òjò bá ṣú. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń fi kun yàrá ìgbàlejò àti yàrá ìsùn kí ibẹ̀ lè ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Ní Èrúwà, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà Oòrùn Ìbàràpá ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, lílò rẹ̀ gba àròjinlẹ̀, nítorí oòrùn ibẹ̀ ń mú, páànù ni ó sì bo ọ̀pọ̀ ilé.

Orúkọ àti orísun

Yorùbá pín àwọ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta gbòógì: funfun, pupa àti dúdú. Abẹ́ dúdú ni aró wà, òun àti àwọ̀ ewé tí ó ṣókùnkùn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá pe irú ògiri yìí ní dúdú kò ṣì í pè. Aró àti eérú ti ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ tipẹ́. Àwọn aláró a máa gún ewé ẹlú, wọn a sá a gbẹ, wọn a sì rẹ ẹ́ sínú omi tí wọ́n sẹ́ láti inú eérú. Omi eérú yìí ni ó ń ran aró lọ́wọ́ láti yọ́, kí ó lè wọ inú òwú.

Wàjì, tí í ṣe ìyẹ̀fun aró, wà lára àwọn àwọ̀ tí wọ́n fi ń kun ère àti ògiri ojúbọ. Láti ìparí ọ̀rúndún 19 ni búlúù ìfọṣọ Reckitt, tí wọ́n ń ṣe ní ìlú Hull ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò rẹ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin ni ó ń ya àwòrán sára ògiri ojúbọ Òrìṣà Ìkirè.

Ooru àti ìmọ́lẹ̀

Ọ̀dà tí ó dúdú ń fa ìtànṣán oòrùn mọ́ra, ó sì ń sọ ọ́ di ooru. Funfun ń dá èyí tí ó pọ̀ jù padà. Ògiri ìta tí ó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn ni ó ń jìyà jù. Búlọ́ọ̀kù a gba ooru náà lọ́sàn-án, a sì máa tú u sínú yàrá lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú, gan-an ní àkókò tí àwọn ará ilé fẹ́ sùn. Bí iná mànàmáná bá lọ, fáànù kò wúlò mọ́. Inú ilé, níbi tí oòrùn kì í dé, ni àwọ̀ yìí ti bá a mu jù.

Síbẹ̀, yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kéré yóò ṣókùnkùn ní ọ̀sán, ọmọ tí ó ń kàwé níbẹ̀ yóò sì nílò iná. Ó sàn kí onílé kun ògiri kan ṣoṣo, kí ó fi àjà àti ògiri yòókù sílẹ̀ ní funfun.

Ìtọ́jú

Eruku ọyẹ́ máa ń hàn lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni iyọ̀ funfun tí ń yọ lára ògiri tí ó ń fa omi láti ilẹ̀. Kí wọ́n tó kùn ún, ògiri gbọ́dọ̀ gbẹ. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé, tí ó léwu fún ọmọdé. Omi ni kí wọ́n fi rin ín kí wọ́n tó ha á, kí eruku rẹ̀ má baà fẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, ẹsẹ̀ ògiri nìkan ni wọ́n ń kùn ní àwọ̀ tí ó ṣókùnkùn níta, kí ẹrẹ̀ tí òjò ń ta sí i má baà hàn.